Bí A Ṣe Ń Ka Ìròyìn Ẹ̀ka Òwò Ilé Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Ìròyìn Tó Tún Ń Ṣe Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 2010, bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ The Washington Post Company, ìwé ìròyìn ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ náà lọ́dún yẹn, tó sì wo ojú ewé tí wọ́n ti pín òwò náà sí ẹ̀ka ẹ̀ka, yóò rí i pé ohun tó lé ní ìdajì owó tó ń wọlé ló ń wá láti ọ̀dọ̀ Kaplan, ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n rà ní 1984. Ẹ̀ka ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́ ń pàdánù owó ní tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 2013, wọ́n ta ìwé ìròyìn yẹn fún Jeff Bezos ní mílíọ̀nù 250 dọ́là, wọ́n sì yí orúkọ ilé iṣẹ́ tó kù padà sí Graham Holdings Company. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ti ń ka ojú ewé ẹ̀ka òwò láti ọdún díẹ̀ ṣáájú ti ń rí i bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ojú ewé yìí ju gbogbo ojú ewé yòókù nínú ìwé ìṣirò owó. Àròpọ̀ owó máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń jèrè tí tẹlifíṣọ̀n ń jèrè, tí ìwé ìròyìn sì ń gbé èrè méjèèjì mì, iye kan ṣoṣo ló máa jáde nísàlẹ̀ ìwé, iye náà ò sì ní sọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ lè ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ka ìtọ́sọ́nà yìí tán ni pé kí ẹ ṣí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ fúnra yín, kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe tò ó, kí ẹ sì mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró bi í ní ìbéèrè.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ojú ewé náà

Fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, ìwé tí ẹ ń wá ni 10-K, ìròyìn ọdọọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò. Ọ̀fẹ́ ni lórí EDGAR, ìkànnì SEC. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ka òwò nínú rẹ̀: Item 1 níwájú, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń ṣe; Item 7 láàárín, níbi tí àwọn ọ̀gá ti sọ ìdí tí owó fi lọ sókè tàbí wálẹ̀; àti àlàyé lẹ́yìn ìwé ìṣirò, nínú Item 8, níbi tí iye owó wà gan-an. Ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí iye owó kí ẹ tó gbọ́ ìtàn tí àwọn ọ̀gá sọ nípa rẹ̀, kí ìtàn má baà sọ ohun tí ẹ máa rí fún yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń fi ojú rẹ̀ wo òwò náà

Ibí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà, mo sì fẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀. Láti 1976 ni òfin ìṣirò owó ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé kí ilé iṣẹ́ pín owó rẹ̀ sí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ ni òfin ìgbà yẹn ní kí wọ́n fi pín in. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló lo àyè yẹn láti sọ pé irú iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn ń ṣe. Ní oṣù kẹfà 1997, FASB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìṣirò owó níbẹ̀, gbé òfin 131 jáde láti rọ́pò rẹ̀. Òfin náà la ń pè ní ASC 280 lónìí. Ìgbìmọ̀ IASB tó ń ṣe òfin fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yòókù tẹ̀ lé ojú ọ̀nà kan náà ní 2006 pẹ̀lú IFRS 8, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009.

Ohun tí òfin tuntun yìí sọ rọrùn, ó sì lágbára: bí ọ̀gá ṣe ń wo òwò náà nínú ilé ni kí ẹ fi hàn àwọn ará ìta. Ọ̀gá tí wọ́n ní lọ́kàn ni ẹni tó ń pinnu ibi tí owó máa lọ, tó sì ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wò. CODM ni ìwé ìṣirò ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, olùdarí àgbà ni. Ó lè jẹ́ ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá mélòó kan.

Nítorí náà, ìwé tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ọ̀gá lóṣooṣù. Mo rántí ìgbà kan tí a ń to ojú ewé ẹ̀ka òwò fún ilé iṣẹ́ kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀ka méjì péré ni àwa kọ: ẹ̀kọ́ àti ìròyìn. Ọ̀dítọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, dé, kò bi wá ní ìbéèrè kankan lórí ohun tí a kọ. Ohun tó ní ká kó wá ni ìwé oṣooṣù méjìlá tí ọ̀gá àgbà ti kà lọ́dún yẹn. Ìlà márùn-ún ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan ní owó tó wọlé, ìnáwó àti èrè tirẹ̀, ọ̀gá sì ti fi bírò pupa kọ ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní oṣù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bírò pupa yẹn ló parí àríyànjiyàn. Ohun tí ọ̀gá ń wò lọ́tọ̀, tó ń bínú sí lọ́tọ̀, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dá ẹ̀ka mọ̀ yàtọ̀

Kí apá kan nínú ilé iṣẹ́ tó jẹ́ ẹ̀ka òwò lójú òfin, nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tó lè pa owó wọlé, tó sì ń náwó, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka mìíràn nínú ilé kan náà ló ń tajà fún. Ọ̀gá tí a sọ yẹn gbọ́dọ̀ máa wo àbájáde rẹ̀ déédéé láti fi pín owó. Ìṣirò owó tó dá dúró gbọ́dọ̀ sì wà fún un. Ọ́fíìsì àgbà tó ń bójú tó gbogbo ilé iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ka nítorí kì í pa owó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ka.

Ẹ wo bí èyí ṣe rí ní Graham Holdings. Ẹni tó wà níta á rò pé ẹ̀ka kan ni Kaplan, torí orúkọ kan ló ń jẹ́. Nínú ìròyìn wọn, mẹ́ta ni: Kaplan International, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè àti iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Higher Education, tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yunifásítì, àti Supplemental Education, tó ń múra àwọn èèyàn sílẹ̀ fún ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Houston, Detroit, Orlando, San Antonio, Jacksonville àti Roanoke. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, ìlera àti títa mọ́tò. Èyí tó kù wọ inú àpò kan tí wọ́n pè ní àwọn òwò mìíràn.

Inú àpò yẹn ni ìwé ìròyìn Slate àti Foreign Policy wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé oúnjẹ Clyde's àti Framebridge tó ń ṣe férémù àwòrán. Ó máa ń dùn mí díẹ̀ bí mo bá rí i: ilé iṣẹ́ tí ìwé kíkọ sọ di olókìkí, ìwé kíkọ ti wá wà nínú àpò èyí tó kù. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí owó sọ nìyẹn, ojú ewé náà kò sì fi pamọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ àwọn tí wọ́n dà pọ̀ wò

Òfin gbà kí wọ́n da ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Èrè wọn gbọ́dọ̀ máa rìn bákan náà lọ́jọ́ pípẹ́. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ jọra ní ọ̀nà márùn-ún: ohun tí wọ́n ń tà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, irú ẹni tó ń rà á, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, àti òfin ìjọba tó dè wọ́n.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló sábà ń ya ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni tó ń wá èrè ní Amẹ́ríkà wà lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní 90/10: owó tó ń gbà láti inú ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un. Ilé iṣẹ́ tó ń múra èèyàn sílẹ̀ fún ìdánwò kò mọ òfin yẹn rí. Bí ẹ bá rí ilé iṣẹ́ kan tó da irú méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, "ẹ̀kọ́", ẹ bi í bó ṣe ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n méjì ní ìlú méjì tó yàtọ̀ rọrùn láti dà pọ̀. Tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn kò rọrùn, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń gba owó ìpolówó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi asẹ́ ìdá mẹ́wàá jọ̀ ọ́

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka ló gbọ́dọ̀ jáde síta lórúkọ ara rẹ̀. Asẹ́ mẹ́ta wà, ẹ̀ka tó bá sì tóbi ju ojú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lọ gbọ́dọ̀ dá dúró. Àkọ́kọ́ ni owó tó wọlé: bó bá tó ìdá 10 nínú 100 àpapọ̀ owó tó wọlé fún gbogbo ẹ̀ka, ìyẹn owó láti ìta pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ara wọn. Èkejì ni èrè tàbí àdánù: ẹ ro èrè gbogbo àwọn tó jèrè pọ̀, ẹ ro àdánù gbogbo àwọn tó pàdánù pọ̀, ẹ mú èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì, kí ẹ wo ìdá 10 rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni dúkìá, ìdá 10 lórí àpapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú ọwọ́. Ká ní ilé iṣẹ́ kan wà tó ní ẹ̀ka mẹ́fà. Mo fúnra mi ló hun àwọn iye yìí, mílíọ̀nù dọ́là sì ni gbogbo wọn:

Ilé ẹ̀kọ́ èdè: owó láti ìta 420, èrè 38, dúkìá 500.
Ìmúrasílẹ̀ ìdánwò: láti ìta 150, láti inú ilé 10, àdánù 12, dúkìá 120.
Tẹlifíṣọ̀n: láti ìta 300, láti inú ilé 20 (ìpolówó tó ń ṣe fún ilé ẹ̀kọ́), èrè 105, dúkìá 400.
Ìwé ìròyìn: láti ìta 60, àdánù 25, dúkìá 40.
Ilé ìtẹ̀wé: láti ìta 20, láti inú ilé 80, èrè 4, dúkìá 90.
Ìkànnì ìròyìn: láti ìta 40, àdánù 9, dúkìá 30.

Àpapọ̀ owó tó wọlé, ti ìta àti ti inú ilé, jẹ́ 1,100. Ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ 110. Ilé ẹ̀kọ́ èdè ní 420, tẹlifíṣọ̀n ní 320, ìmúrasílẹ̀ ìdánwò ní 160. Àwọn mẹ́ta yìí ti dúró lórí asẹ́. Ilé ìtẹ̀wé ní 100, ó jábọ́. Ìwé ìròyìn àti ìkànnì náà jábọ́.

Ó ku asẹ́ kejì. Èrè àwọn tó jèrè: 38, 105 àti 4, ó di 147. Àdánù àwọn tó pàdánù: 12, 25 àti 9, ó di 46. 147 ló tóbi jù, ìdá 10 rẹ̀ sì jẹ́ 14.7. Ẹ wá padà wo ìwé ìròyìn. Owó tó pa wọlé kéré, dúkìá rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n àdánù rẹ̀ jẹ́ 25. Òfin kò bìkítà bóyá èrè ni tàbí àdánù. Bí iye náà ti tóbi tó ni ó ń wò. 25 ju 14.7 lọ, nítorí náà ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ jáde lórúkọ ara rẹ̀. Mo fẹ́ràn asẹ́ yìí gan-an torí òun ni kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rí ibi kó àdánù sí. Ọmọ tó kéré tó ń jẹ owó ilé kò lè sá sẹ́yìn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àpapọ̀ dúkìá jẹ́ 1,180, ìdá 10 rẹ̀ 118. Kò mú ẹlòmíràn wọlé. Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà lórí asẹ́ báyìí.

Ẹ̀yìn èyí ni a ó yẹ ìdá 75 wò. Owó láti ìta tí àwọn ẹ̀ka tó jáde pa gbọ́dọ̀ tó ìdá 75 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé láti ìta. Tiwọn jẹ́ 420, 150, 300 àti 60, ó di 930. Gbogbo owó láti ìta jẹ́ 990. Ó ti kọjá ìdá 75 dáadáa. Ká ní kò tó ni, wọn ì bá máa fa ẹ̀ka kan kún un, bó tilẹ̀ ti jábọ́ nínú asẹ́, títí tó fi máa tó. Ilé ìtẹ̀wé àti ìkànnì máa wọ inú àpò àwọn òwò mìíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó wà nínú àpò náà. Bí ẹ̀ka tó jáde bá ti ju mẹ́wàá lọ, òfin fúnra rẹ̀ ní kí ilé iṣẹ́ ro ó bóyá kò ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ so owó ẹ̀ka mọ́ owó ilé iṣẹ́

Ẹ ro èrè ẹ̀ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa: 147 yọ 46, ó ku 101. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ síwájú ìwé, èrè kí wọ́n tó san owó orí jẹ́ 54. Níbo ni 47 lọ? Ojú ewé kan náà gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn. Ká ní ọ́fíìsì àgbà ná 30. Iye tí wọ́n ń gé kúrò lọ́dọọdún lára orúkọ àti ẹ̀tọ́ tí wọ́n rà pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tuntun jẹ́ 9. Èlé lórí gbèsè jẹ́ 14. Owó ìfẹ̀yìntì mú 6 wọlé. Ẹ yọ mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrò nínú 101, ó ku 48. Ẹ fi 6 kún un, ó di 54. Ní ti owó tó wọlé, 1,100 á di 990 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ 110 tí àwọn ẹ̀ka gbà lọ́wọ́ ara wọn, torí ilé iṣẹ́ kò lè sọ pé òun lówó sí i nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún fún ọwọ́ òsì lówó.

Ìlà owó ìfẹ̀yìntì yẹn kì í ṣe àwàdà. Ìkówójọ fún ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ní Graham Holdings ti pọ̀ ju gbèsè tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ìlà yẹn máa ń fi owó kún èrè dípò kó yọ kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò ṣiṣẹ́ rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kankan kò sì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí èrè ilé iṣẹ́ bá gòkè, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá inú ẹ̀ka ló ti gòkè tàbí nínú àwọn ìlà ìsopọ̀ yìí.

Ibí kan náà ni ẹ máa rí ìgékúrò goodwill. Bí ilé iṣẹ́ bá ra òmíràn lówó tó ju iye ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, owó tó lé yẹn ló ń jẹ́ goodwill nínú ìwé. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún ní ìpele ẹ̀ka tàbí ìpele kan lábẹ́ ẹ̀ka, kí wọ́n sì gé e bí iye òwò náà bá ti wálẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n ń gé goodwill rẹ̀ léraléra, àwọn tó rà á ló san owó jù.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi àsìkò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kà á

Ọ̀pọ̀ ń fi ọdún yìí wé ọdún tó kọjá, wọ́n á sì parí ọ̀rọ̀. Fún tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ọdún tí òǹkà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì ni ìdìbò ńlá máa ń wáyé níbẹ̀: 2018, 2020, 2022, 2024. Lọ́dún yẹn, owó ìpolówó àwọn olóṣèlú máa ń ya wọlé bí omi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á gbẹ. Bí ẹ bá fi 2023 wé 2022, ẹ máa rò pé tẹlifíṣọ̀n ń kú. Bí ẹ bá fi 2024 wé 2023, ẹ máa rò pé ó jí dìde. Ẹ fi 2024 wé 2022, kí ẹ tún ro ọdún méjì méjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Kí ẹ má gbàgbé pé owó mìíràn wà tí àwọn ilé iṣẹ́ kébù àti sátẹ́láìtì ń san kí wọ́n lè gbé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà sórí ètò wọn, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi NBC àti CBS, tó ń pèsè ètò fún wọn, ń gba ìpín tiwọn padà nínú rẹ̀. Owó tó wọlé lè gòkè nígbà tí èrè kò gòkè.

Ẹ̀kọ́ ní àsìkò tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan san 12,000 dọ́là ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá fún ẹ̀kọ́ oṣù méjìlá. Owó ti wà ní báńkì. Títí ìparí oṣù kejìlá, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n tíì kọ́ ọ, nítorí náà 3,000 ni wọ́n lè pè ní owó tó wọlé. 9,000 tó kù, gbèsè ni: ẹ̀kọ́ tí wọ́n jẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san ṣáájú, tí ẹ máa rí lára gbèsè nínú ìwé, fi jẹ́ àmì ọjọ́ iwájú fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Bó bá ń dín kù nígbà tí owó tó wọlé ṣì ń gòkè, ẹ má sùn.

Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ilẹ̀ òkèèrè tún ní ohun méjì tó ń tì í kiri. Àkọ́kọ́ ni físà àti ìrìn àjò; ní 2020 tí àrùn COVID ti ẹnubodè pa, ilé ẹ̀kọ́ èdè tó ń retí akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun ló kọ́kọ́ gbẹ. Èkejì ni ìpààrọ̀ owó: Kaplan International ń gba pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì, dọ́là Ọsirélíà àti dọ́là Singapore, ṣùgbọ́n dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń kọ ìròyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè pọ̀ sí i kí owó sì dín kù lórí ìwé. Ẹ wá gbólóhùn tó sọ ipa ìpààrọ̀ owó nínú Item 7 kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ ṣọ́ ìgbà tí ẹ̀ka bá yí padà

Bí ọ̀gá bá tún ilé tò tí ẹ̀ka sì yí, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún ìṣirò àwọn ọdún tó kọjá kọ kó bá ètò tuntun mu, àyàfi bí kò bá ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹ má mú iye ti 2021 láti inú ìwé 2021 kí ẹ fi wé iye inú ìwé 2023. Inú ìwé 2023 ni kí ẹ ti mú méjèèjì.

Òwò tí wọ́n tà tàbí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí ètò tuntun ńlá máa kúrò láàárín àwọn ẹ̀ka, á sì lọ sí ìlà òwò tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Newsweek tí wọ́n tà ní 2010, fún ìwé ìròyìn ní 2013, àti fún Cable One tí wọ́n pín fún àwọn onípìn-ín ní oṣù keje 2015. Ìwé ọdún tó tẹ̀ lé e máa dà bíi pé wọn ò sí níbẹ̀ rí.

Èyí tó ṣòro jù láti rí ni ìgbà tí orúkọ ẹ̀ka kò yí ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ yí. Ní oṣù kẹta 2018, Kaplan fi Kaplan University lé yunifásítì Purdue lọ́wọ́ ní dọ́là kan péré. Ó di Purdue University Global. Kaplan kò gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ mọ́, owó iṣẹ́ ló ń gbà lọ́wọ́ yunifásítì náà. Ẹ̀ka Higher Education ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó wà níbẹ̀ ní 2017 àti ìlà tó wà níbẹ̀ ní 2019, òwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá ya àwòrán ọdún márùn-ún lé orúkọ yẹn lórí láìka Item 1 á ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ bèèrè ìnáwó

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó tó wọlé àti èrè ni ẹ̀ka ń fi hàn, ìnáwó àárín kò sì hàn dáadáa. Ní oṣù kọkànlá 2023, FASB gbé àtúnṣe tuntun jáde, ASU 2023-07. Láti ọdún ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2023, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi àwọn ìnáwó pàtàkì tí wọ́n ń gbé fún ọ̀gá lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan hàn, kí wọ́n sọ ipò tí ọ̀gá náà wà, kí wọ́n sì sọ bó ṣe ń lo iye èrè náà láti pín owó. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka kan ṣoṣo náà kò lè yẹra mọ́. Fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ wo owó olùkọ́ lọ́tọ̀ sí owó tí wọ́n ń ná láti wá akẹ́kọ̀ọ́. Bí owó ìwákẹ́kọ̀ọ́ bá ń yára ju owó ìkọ́ni lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ yára wo ohun méjì tó kù lẹ́yìn ojú ewé náà: owó tó wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àti oníbàárà kankan tó dá mú ìdá 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ oníbàárà náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé ó wà, iye tó mú wá àti ẹ̀ka tó wà.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, ẹ mú bébà funfun kan, ẹ fa ìlà fún ọdún mẹ́fà, kí ìdìbò mẹ́ta lè wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka sí apá òsì, ẹ kọ owó tó wọlé, èrè àti owó tí wọ́n fi ra dúkìá tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níwájú ìlà tí orúkọ tàbí inú ẹ̀ka ti yí, ẹ fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀ka tí ọ̀gá ń kó owó tuntun lọ bá, kí ẹ wá fi wé ẹ̀ka tí èrè ti ń wá.